Ọwọ́ Ló Ń Ṣáájú Ẹnu: Bí A Ṣe Ń Dá Ọmọ Lóhùn Kó Tó Mọ Ọ̀rọ̀ Sọ

Iná dé lálẹ́ ọjọ́ kan ládùúgbò wa, àwọn ọmọdé sì pariwo "Up NEPA!" bí wọ́n ti máa ń ṣe. Ọmọ aládùúgbò wa kan, ọmọ oṣù 11, jókòó lórí ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀ tó ń ṣa ẹ̀wà. Kò pariwo ní tiẹ̀. Ó gbójú sókè wo gílóòbù, ó na ìka kan ṣoṣo sí i, ó yíjú wo ìyá rẹ̀, ó tún wo gílóòbù. Ìyá kò gbójú kúrò nínú ẹ̀wà. Ọmọ fi ọwọ́ kejì gbá a nítan, ó tún nàka. Ìgbà yẹn ni ìyá tó gbójú sókè: "Hẹ́ẹ̀n! Iná! Iná ti dé o!" Ọmọ rẹ́rìn-ín, ó sọ ọwọ́ kalẹ̀, ó padà sídìí ike tó fi ń ṣeré.

Ẹ jẹ́ ká tún un wò. Ọmọ tí kò tíì mọ ọ̀rọ̀ kankan pè rí nǹkan, ó fẹ́ kí ẹlòmíràn rí i, ó júwe rẹ̀, ó wo ojú ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀ bóyá ó ti gbọ́. Nígbà tó rí i pé kò gbọ́, ó fọwọ́ kàn án, ó tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ sọ. Wọ́n dá a lóhùn, ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Gbogbo ohun tó ń mú kí ọ̀rọ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ ló wà níbẹ̀, àfi ohùn.

Ohun tí mo fẹ́ sọ síbí ni bí a ṣe ń gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, àti ohun tó yẹ ká fi dá a lóhùn. Mo gbà tọkàntọkàn pé ìyá, bàbá, ìyá àgbà tàbí ọmọ ọ̀dọ̀ tó bá ń dá ìka ọmọ lóhùn ti ń kọ́ ọmọ náà lédè, bí kò tiẹ̀ mọ̀.

Kí ló fà á tí ọwọ́ fi ń ṣáájú?

Ẹ wo ọ̀rọ̀ kékeré bíi "igbá". Kí ọmọ tó lè pè é kó yéni, ó gbọ́dọ̀ pa ètè méjèèjì dé, kó gbé ẹ̀yìn ahọ́n sókè, kó ṣí méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, kó darí èémí, kó sì gbé ohùn sí ibi tó yẹ, torí igbá kì í ṣe ìgbà, bẹ́ẹ̀ ni ìgbà kì í ṣe igba. Ìka ò ní irú wàhálà bẹ́ẹ̀. Ọmọ tó bá ti lè jókòó, tó sì lè na apá, lè júwe igbá náà. Òye ti dé, ahọ́n ló ń bọ̀ lẹ́yìn.

Ní 1975, Elizabeth Bates, onímọ̀ nípa bí ọmọdé ṣe ń kọ́ èdè, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ méjì ará Ítálì, Luigia Camaioni àti Virginia Volterra, kọ̀wé lórí bí àwọn ọmọ ọwọ́ ṣe ń fi ọwọ́ bèèrè nǹkan, tí wọ́n sì tún ń fi ọwọ́ pe àgbàlagbà kó wá wo nǹkan, kí wọ́n tó mọ ọ̀rọ̀ sọ. Ní 2005, Jana Iverson àti Susan Goldin-Meadow tẹ èsì iṣẹ́ wọn lórí ọmọ 10 ní Amẹ́ríkà jáde. Wọ́n ti ń tọpa àwọn ọmọ náà láti oṣù 10 títí dé oṣù 24. Ọ̀pọ̀ nǹkan tí àwọn ọmọ náà padà mọ orúkọ rẹ̀ pè, ọwọ́ ni wọ́n kọ́kọ́ fi sọ ọ́, nǹkan bí oṣù 3 kí ọ̀rọ̀ tó dé ẹnu wọn.

Kì í sì í ṣe àwọn ọmọ Amẹ́ríkà nìkan. Ìwádìí kan tó jáde ní 2012 wo àwọn ọmọ oṣù 10 sí 14 ní Papua New Guinea, Indonesia, Japan, Peru, Mexico àti Canada. Níbi gbogbo ni ọmọ àti àgbà ti ń nàka síra wọn. Kódà, àwọn tí a bí ní afọ́jú, tí wọn ò rí ọwọ́ ẹnikẹ́ni rí, máa ń ju ọwọ́ bí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀, àní bí ẹni tí wọ́n ń bá sọ̀rọ̀ náà bá jẹ́ afọ́jú. Ó ti wà lára wa.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ fi ọ̀sẹ̀ kan wo ọwọ́ ọmọ

Kí ẹ tó yí ohunkóhun padà, ẹ mú ìwé kékeré kan, kí ẹ so báírò mọ́ ọn kó má sọnù. Lójoojúmọ́, ẹ kọ ìṣẹ̀lẹ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin péré. Fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ ohun tí ọmọ fi ọwọ́ tàbí ara ṣe, ohun tó wà níwájú rẹ̀ nígbà náà, ohun tí ẹ rò pé ó ń sọ, àti ohun tí ẹ ṣe. Bí irú èyí:

Mọ́ńdè, àárọ̀. Ó ti ṣíbí ògì sẹ́yìn, ó yí orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ti yó. Mo tún fi sí i lẹ́nu.

Ọ̀sán. Ọ̀kadà kọjá, ó na ìka sí ilẹ̀kùn. Ó rò pé bàbá rẹ̀ ni. Mo ní, "Dádì ò tíì dé."

Ìrọ̀lẹ́. Ó gbé ife wá, ó dojú rẹ̀ dé sórí ẹsẹ̀ mi. Omi ti tán. Mo bu òmíràn.

Ẹ kọ ọ́ bó ṣe rí, títí kan ibi tí ẹ ò ti gbọ́ tirẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ẹ óò rí i pé ọmọ tí ẹ rò pé kì í sọ nǹkan kan ń sọ̀rọ̀ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀.

Bí ọ̀rọ̀ ọwọ́ ṣe sábà máa ń dé nìyí. Láàárín oṣù 7 sí 9, ọmọ á máa na apá méjèèjì kí wọ́n gbé e, á máa ti ohun tí kò fẹ́ dànù. Tó bá yá, á mú nǹkan sókè kí ẹ wò ó, àmọ́ bí ẹ bá nawọ́ gbà á, kò ní fi í sílẹ̀. Ẹ má bínú sí i, ẹ má sì rò pé ahun ni. Fífi hàn ló ń ṣe, fífúnni ń bọ̀ lẹ́yìn.

Ibi fífúnni yìí ni ilé Yorùbá ti ní ohun ìní kan tí mo máa ń yangàn rẹ̀. Ta ni nínú wa tí kò tíì sọ fún ọmọ tó di bísikíìtì mú pé, "Fún mi jẹ"? Àgbà á ya ẹnu, ọmọ á wo bísikíìtì, á wo ẹnu, á ro ó díẹ̀, á wá nawọ́. Àgbà á ṣe bí ẹni tó gé e jẹ: "Háà, ẹ ṣé! Ọmọ dáadáa!" Àwọn ìyá wa ń fi èyí kọ́ni lọ́làwọ́, wọn ò sì mọ̀ pé wọ́n tún ń kọ́ni ní bí ọ̀rọ̀ ṣe ń lọ tó ń bọ̀: tìrẹ kàn, tèmi kàn, ojú lójú. Ẹ máa ṣe é lójoojúmọ́ láti bí oṣù 9, kí ẹ sì máa dá nǹkan náà padà fún un: "Gbà. O ṣé."

Láàárín oṣù 10 sí 12, ọ̀pọ̀ ọmọ á ti máa juwọ́ bí ẹnìkan bá ń lọ, á máa pàtẹ́wọ́, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í na ìka ìfábẹ̀lá, ìka tó tẹ̀lé àtàǹpàkò, sí nǹkan. Lẹ́yìn ọdún kan, mímirí, títẹ́ ọwọ́ méjèèjì pé "kò sí mọ́", àti àwọn ọ̀rọ̀ ọwọ́ tó jẹ́ ti ilé kọ̀ọ̀kan á dé. Èyí tó wù mí jù ni ti ọ̀já. Ọmọ oṣù 13 kan ló wọ́ ọ̀já láti orí bẹ́ẹ̀dì wá bá ìyá rẹ̀ ní ilé ìdáná. Ó jù ú sẹ́sẹ̀ ìyá, ó yí lọ sẹ́yìn rẹ̀, ó fi àyà lé ìyá lẹ́yìn, ó dúró. "Pọ̀n mí" ni, kò sí ọ̀nà míì tí èèyàn fi lè túmọ̀ rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ tẹ̀lé ìka, kí ẹ sì mọ èyí tó ń bèèrè yàtọ̀ sí èyí tó ń júwe

Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, àmọ́ ìka rẹ̀ ti débẹ̀. Bí ọmọ bá nàka, ẹ bẹ̀rẹ̀ dé ibi tí ojú rẹ̀ wà, kí ẹ wo ibi tí òun ń wò. Láti òkè tí àgbà wà, ẹ lè rò pé tẹlifíṣọ̀n ló ń júwe. Tí ẹ bá lọ sílẹ̀, ẹ óò rí i pé aláǹgbá tó wà lára ògiri ni.

Ìka oríṣi méjì ló wà. Èkíní ń sọ pé, "Bá mi mú un." Ọwọ́ ọmọ á sábà ṣí, á máa dì í á máa ṣí i, ara á máa fà lọ síwájú, ohùn á máa kùn, ojú á sì dúró lára nǹkan náà. Èkejì ń sọ pé, "Ẹ wò ó." Ìka kan ṣoṣo ló sábà máa ń jẹ́, ara á balẹ̀, ojú á máa lọ sára nǹkan, á máa bọ̀ sójú yín.

Ibí ni ọ̀pọ̀ wa ti ń ṣì í. Ọmọ nàka sí ẹyẹ aláràbarà tí wọ́n yà sára aṣọ, a bọ́ aṣọ fún un. Ó jù ú nù, ó bú sẹ́kún. A ní ọmọ yìí le. Kò le rárá. Kò bèèrè aṣọ, ó ní ká wo ẹyẹ ni. Ní Leipzig ní Jámánì, Ulf Liszkowski, Michael Tomasello àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn dán èyí wò pẹ̀lú àwọn ọmọ ọdún kan, èsì rẹ̀ sì jáde ní 2004. Bí àgbà bá wo nǹkan náà nìkan, kò tẹ́ ọmọ lọ́rùn. Bó bá wo ọmọ nìkan, kò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Àfi ìgbà tí àgbà wo nǹkan, tó wo ọmọ, tó sì sọ̀rọ̀ lé e pẹ̀lú ọ̀yàyà.

Tí ẹ̀yin bá ń nàka fún ọmọ, ẹ ranti pé ọmọ tí kò tíì pé oṣù 9 lè máa wo ìka yín dípò ibi tí ìka kọjú sí. Ẹ fọwọ́ kan nǹkan náà, tàbí kí ẹ gbé e sún mọ́ ọn. Ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ṣì máa ń ṣòro fún un títí di nǹkan bí ọdún kan ààbọ̀.

Ẹ̀yin tó ń pọnmọ náà, ẹ gbọ́: ọmọ ẹ̀yìn ń rí ohun tí ẹ̀ ń rí, èyí sì dára púpọ̀, àmọ́ ẹ ò rí ìka rẹ̀. Ara rẹ̀ ni kí ẹ máa gbọ́. Bó bá fà sí ẹ̀gbẹ́ kan bí ẹni fẹ́ jábọ́, ó ń júwe nǹkan. Ẹ yíjú síbẹ̀, kí ẹ sọ ohun tí ẹ rí: "Ewúrẹ́ nìyẹn. Ó ń jẹ koríko." Kí ẹ sì máa sọ̀ ọ́ kalẹ̀ lóòrèkóòrè, kí ojú yín pàdé.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ẹ túmọ̀ ìka sí ọ̀rọ̀ lójú ẹsẹ̀

Bí ẹ ò bá ní ṣe ìkankan nínú gbogbo èyí tí mo kọ, ẹ ṣe èyí. Nígbà tí ìka ṣì wà nínà, tí ọkàn ọmọ ṣì wà lára nǹkan náà, ẹ fi orúkọ rẹ̀ sí i létí. Ẹ pe orúkọ náà lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ sì fi gbólóhùn kúkurú tì í lẹ́yìn.

"Adìyẹ. Adìyẹ ń ṣa àgbàdo."

"Òjò. Òjò ń rọ̀."

"Fáànù. Fáànù ti dúró."

Ó tó bẹ́ẹ̀. Ní 2007, Goldin-Meadow àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ padà sídìí àwọn ọmọ 10 tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, wọ́n wo ohun tí àwọn ìyá ṣe nígbà tí ọmọ bá nàka. Àwọn ohun tí ìyá bá túmọ̀ sí ọ̀rọ̀ lójú ẹsẹ̀, orúkọ wọn ló tètè ń wọ ẹnu ọmọ ju ti àwọn tí ìyá kò túmọ̀ lọ. Ọmọ ló yan iṣẹ́ tó fẹ́ kọ́, ìyá kàn tẹ̀lé e ni.

Ẹ má pe nǹkan ní "iyẹn" tàbí "nǹkan yẹn". Ọmọ kan lè nàka lẹ́ẹ̀mẹ́wàá kó máa gbọ́ "Ẹ̀n-ẹ̀n, mo ti rí i", kó sì má gbọ́ orúkọ kankan. Ẹ má sì sọ ọ́ di ìdánwò: "Kí lèyí? Kí lèyí? Pè é!" Ọmọ tó nàka ti sọ tirẹ̀. Ẹ̀yin ló kàn.

Ẹ pe ọ̀rọ̀ náà pẹ̀lú ohùn rẹ̀ dáadáa. Ohùn gan-an ló ń ya ọ̀rọ̀ wa sọ́tọ̀, etí ọmọ ló sì ti ń gbà á kí ẹnu tó lè ṣe é. Ọmọ aládùúgbò wa tí mo fi bẹ̀rẹ̀, ìgbà tó yá, "ná" ló ń pe iná. Ó gé iwájú rẹ̀ kúrò, àmọ́ ohùn òkè yẹn dúró gangan.

Ní ti èdè tí ẹ óò fi dá a lóhùn: ẹ lo èyí tó pọ̀ nínú yín. Ìyá tó gbọ́ Yorùbá jinlẹ̀, tó wá ń fi ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì mẹ́ta péré dá ìka ọmọ lóhùn nítorí kí ọmọ lè "yára", ìṣẹ́ ló ń ta ọmọ rẹ̀ nínú ọlá. Èdè méjì kì í da ọmọ lórí rú. Ọmọ Yorùbá tó wà ní London lè nàka sí ajá, kí bàbá rẹ̀ ní "ajá" nílé, kí olùtọ́jú rẹ̀ ní "dog" ní ọ̀sán. Ìka kan náà ló gba méjèèjì.

Fóònù ńkọ́? Fóònù kì í wo ibi tí ọmọ nàka sí. Bó ti wù kó kọrin tó, bó ti wù kó pe orúkọ ẹranko tó, kò mọ̀ pé ọmọ ń júwe aláǹgbá. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ ní 2019 pé kí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 2 má máa jókòó ti tẹlifíṣọ̀n àti fóònù, kí ọmọ ọdún 2 sì má kọjá wákàtí 1 lójúmọ́. Mo mọ̀ pé iṣẹ́ ilé pọ̀, pé ẹ̀wà ò ní ṣa ara rẹ̀. Ẹ gbé ọmọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀wà náà, kí ẹ fún un ní ike àti ṣíbí. Ìka rẹ̀ á wá yín.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ẹ fún un láyè

Ìyá tó mọ ọmọ rẹ̀ dáadáa lè máa ṣáájú rẹ̀ nínú gbogbo nǹkan. Kó tó wo omi, omi ti dé ẹnu. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ò ní ìdí tó fi máa sọ̀rọ̀, ì báà jẹ́ tọwọ́ tàbí tẹnu. Ẹ gbé ife rẹ̀ sí ibi tí ojú rẹ̀ tó, tí ọwọ́ rẹ̀ kò tó. Ẹ wo ojú rẹ̀, kí ẹ ka ení dé àárùn-ún nínú yín. Tó bá ti nàka, ẹ ní "Omi. O fẹ́ mu omi", kí ẹ gbé e fún un.

Nígbà oúnjẹ, ẹ mú ọ̀gẹ̀dẹ̀ ní ọwọ́ kan, ẹyin ní ìkejì: "Ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni, àbí ẹyin?" Èyí tó bá júwe, ẹ pe orúkọ rẹ̀, kí ẹ fún un.

Àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi nǹkan dù ú. "Tí o ò bá pè é, mi ò ní fún ẹ" kì í kọ́ ọmọ oṣù 14 ní ohunkóhun ju pé ìka òun ò já mọ́ nǹkan kan. Ọmọ tí wọ́n bá ti kọ ìka rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́ á kó o wọlé.

Ọ̀rọ̀ ọwọ́ òsì

Mo mọ̀ pé àwọn àgbà kan ti ń dúró dè mí níbí. A kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni. Òótọ́ ni, èmi náà ò sì fẹ́ kí ọmọ mi fi ọwọ́ òsì gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà. Àwa nìkan kọ́ ni. Sotaro Kita àti James Essegbey kọ̀wé ní 2001 lórí bí àwọn ará Gánà náà ṣe ń yẹra fún fífi ọwọ́ òsì júwe ọ̀nà, tí ọ̀pọ̀ á tiẹ̀ gbé ọwọ́ òsì sẹ́yìn láti fi ọ̀wọ̀ hàn.

Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọmọ ò tíì yan ọwọ́ kan pàtó kí wọ́n tó pé ọdún 2. Èyí tó bá ṣòfo ni wọ́n ń lò. Ọmọ oṣù 12 tí ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ di àkàrà mú á fi òsì nàka sí ewúrẹ́. Bí a bá gbá ọwọ́ yẹn, a rò pé òsì là ń bá wí; ohun tí ọmọ gbọ́ ni pé nínàka burú. Ó lè dáwọ́ ọ̀rọ̀ dúró lọ́jọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ dá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lóhùn: "Ewúrẹ́! Ewúrẹ́ ń lọ." Lẹ́yìn náà, ẹ fi ọ̀tún tiyín júwe ewúrẹ́ náà kó rí i. Bó bá ń fi òsì gba nǹkan, ẹ rọra gbé e sí ọ̀tún rẹ̀ láìsọ̀rọ̀ líle. Ó máa mọ̀ ọ́n. Ní ọdún 3, tó bá ti gbọ́ àlàyé, ẹ lè fi ẹnu kọ́ ọ. Bákan náà ni ti nínàka sí àgbà. Ọmọ ọdún kan tó nàka sí bàbá àgbà ò rí i fín. Ó ń bèèrè ẹni tó jẹ́ ni. "Bàbá àgbà nìyẹn. Ẹ káàbọ̀, sà." Bàbá àgbà fúnra rẹ̀ á rẹ́rìn-ín.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Ẹ̀yin náà, ẹ fi ọwọ́ sọ̀rọ̀

Ní 2009, Meredith Rowe àti Goldin-Meadow tẹ èsì ìwádìí kan jáde lórí ìdílé 50 ní Chicago. Àwọn òbí tó ń fi ọwọ́ sọ̀rọ̀ púpọ̀, ọmọ wọn náà ń ṣe bẹ́ẹ̀ ní oṣù 14. Àwọn ọmọ tó sì ń fi ọwọ́ sọ ohun tó pọ̀ ní oṣù 14 ló mọ ọ̀rọ̀ jù nígbà tí wọ́n pé ọdún 4 ààbọ̀.

Kò gba kí ẹ ra nǹkan kan. Ẹ tẹ́ ọwọ́ bí ẹ bá ní "ó ti tán". Ẹ na ọwọ́ sókè bí ẹ bá ní "ó ga". Ẹ gbá ẹ̀yìn yín bí ẹ bá ní "wá, jẹ́ n pọ̀n ẹ́". Ìkíni wa pàápàá jẹ́ ọ̀rọ̀ ara: kí ọmọ tó lè pe "Ẹ káàárọ̀", wọ́n á ti kọ́ ọ ní kíkúnlẹ̀ tàbí ìdọ̀bálẹ̀. Ẹ máa so ọ̀rọ̀ mọ́ ọn nígbà gbogbo, kí orúnkún àti ètè jọ máa lọ.

Ẹ lè ti gbọ́ nípa àmì ọwọ́ tí wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọ tó gbọ́ran, èyí tí Linda Acredolo àti Susan Goodwyn sọ di olókìkí láti California. Ìwádìí kan tó jáde ní 2013 ní Ẹ́ńgíláǹdì tọpa ọmọ 40 láti oṣù 8 dé oṣù 20. Àwọn tí wọ́n kọ́ ní àmì náà kò yá ní ọ̀rọ̀ sísọ ju àwọn yòókù lọ. Kò pa ọmọ lára, bẹ́ẹ̀ ni kò yẹ kí ẹnikẹ́ni tìtorí rẹ̀ ná owó ilé ìwé ẹ̀gbọ́n.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Ẹ máa retí ọjọ́ tí ìka àti ẹnu máa pàdé

Nígbà tó bá tó oṣù 14 sí 18, ọmọ á máa sọ ọ̀rọ̀ kan, á sì máa nàka lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa. Bó bá ní "bàtà", tó nàka sí bàtà, ọ̀rọ̀ kan náà ló sọ lọ́nà méjì. Àmọ́ bó bá ní "Mọ́mì", tó nàka sí bàtà yín lẹ́nu ọ̀nà, ọ̀rọ̀ méjì ló sọ: ẹnu sọ ọ̀kan, ọwọ́ sọ ìkejì. Gbólóhùn àkọ́kọ́ nìyẹn. Nínú iṣẹ́ 2005 tí mo mẹ́nu bà, àwọn ọmọ tó tètè ṣe irú èyí ló tètè so ọ̀rọ̀ méjì pọ̀ lẹ́nu.

Iṣẹ́ yín ni kí ẹ kó méjèèjì sínú ohùn kan. "Mọ́mì", ìka sí bàtà: "Bàtà Mọ́mì ni." "Jẹ", ìka sí ẹja: "O fẹ́ jẹ ẹja." "Tán", ìka sí ike: "Omi ti tán." "Lọ", ìka sí ẹnu ọ̀nà: "Dádì ti lọ." Ẹ má fi kún un ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀rọ̀ tó fi ìwọ̀nba díẹ̀ ju tirẹ̀ lọ ló máa lè gbé.

Ìgbà tó yẹ kí ẹ lọ sí ilé ìwòsàn

Ọmọ ò dọ́gba, oṣù kan tàbí méjì kì í ṣe ohun tí a ń tìtorí rẹ̀ sunkún. Àmọ́ àwọn àmì kan wà tí kò yẹ ká fi sílẹ̀. Gẹ́gẹ́ bí ìlànà tí CDC, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó ìlera àwùjọ ní Amẹ́ríkà, tún ṣe ní 2022, ọ̀pọ̀ ọmọ ń na apá kí wọ́n gbé wọn ní oṣù 9, wọ́n ń juwọ́ ó dàbọ̀ ní oṣù 12, wọ́n ń nàka bèèrè nǹkan ní oṣù 15, wọ́n sì ń nàka láti fi nǹkan hàn ní oṣù 18. Ọmọ tó pé ọdún kan tí kò fi ọwọ́ sọ nǹkan kan rárá, tàbí tó pé oṣù 18 tí kì í nàka pe yín wá wo nǹkan, ẹ gbé e lọ. Ọmọ tí kì í wo ibi tí wọ́n ti pe orúkọ rẹ̀, ẹ gbé e lọ. Ọmọ tó ń mú ọwọ́ àgbà bí irinṣẹ́ lọ sára nǹkan láìwo ojú onítọ̀hún rí, ẹ gbé e lọ. Èyí tó ti ń juwọ́, tó ti ń nàka, tó wá dáwọ́ dúró, ẹ má dúró di ọ̀la.

Àwọn kan á ní, "Ọkùnrin ni, ọkùnrin máa ń pẹ́." Ìwọ̀nba díẹ̀ ni ọkùnrin fi ń pẹ́ jù ní ọ̀rọ̀ sísọ, kò sì tó láti ṣàlàyé ọmọ tí kì í nàka. Àwọn mìíràn á ní kí wọ́n gé okùn abẹ́ ahọ́n. Okùn abẹ́ ahọ́n ò di ìka mú. Ọmọ tí kì í fi ọwọ́ sọ̀rọ̀ ní nǹkan míì tó yẹ ká wá ìdí rẹ̀.

Etí ni kí wọ́n kọ́kọ́ yẹ̀ wò, kódà bó bá jẹ́ pé ọmọ ń nàka púpọ̀ tí ọ̀rọ̀ ni kò wá. Ọmọ tí etí rẹ̀ di ń rí ojú àti òjìji, ó lè yíjú nígbà tí ẹ wọlé, kí ẹ rò pé ó gbọ́. Ẹ sọ fún dókítà bó bá ní ibà pọ́njú tó le gan-an nígbà tí wọ́n bí i, bó bá ti ní àìsàn awọ ọpọlọ rí, tàbí bí wọ́n bá ti gún un ní abẹ́rẹ́ gentamicin, oògùn kan tó ń pa kòkòrò àrùn, torí gbogbo wọn lè ba etí jẹ́. Àwọn ilé ìwòsàn ńlá bíi UCH ní Ìbàdàn, LUTH ní Èkó àti OAUTHC ní Ilé-Ifẹ̀ ní ẹ̀ka etí, imú àti ọ̀fun. Bó bá sì jẹ́ pé ọmọ kò gbọ́ràn, ẹ má gba ọwọ́ rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Èdè adití jẹ́ èdè pípé, òun ni ọmọ náà á fi sọ fún yín pé iná ti dé.

Ẹ mú ìwé kékeré yẹn dání lọ́jọ́ náà. Dókítà á béèrè pé, "Ṣé ó ń nàka?" Ẹ má kàn dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Ẹ ṣí i, kí ẹ kà fún un: ọjọ́ báyìí, ohun báyìí ló nàka sí, ó wo ojú mi tàbí kò wò ó, ohun tí mo sọ nìyí, ohun tó ṣe lẹ́yìn náà nìyí.